Ẹ̀dọ̀ Tí Mo Fẹ́ Fi Ta Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ́rẹ

Ihò méjì ni ẹ̀gbọ́n mi lù kún bẹ́líìtì rẹ̀ lọ́dún tí ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mẹkáníìkì ni, n'Íbàdàn. A rò pé ó ń sanra ni. Nígbà tí ojú rẹ̀ pọ́n, ìyá wa ní ibà pọ́njú ni, ìgò àgbo sì tò lọ bẹẹrẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Ìgbà tá a fi dé ọsibítù, dókítà ní àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B ti ń jẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ látìgbà pípẹ́, ẹ̀dọ̀ náà sì ti gan bí àpá.

Ó ní ohun kan ló kù: kí wọ́n gé lára ẹ̀dọ̀ alààyè, kí wọ́n gbìn ín sí i nínú. Ẹ̀dọ̀ a máa hù padà. Tẹni tó fi tọrẹ á tún dàgbà, tẹni tó gbà á náà á tóbi sí i, láàárín oṣù díẹ̀. Dókítà Thomas Starzl ló kọ́kọ́ dán gbígbin ẹ̀dọ̀ wò lára èèyàn, ẹ̀dọ̀ òkú ló sì lò, ní Denver l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1963. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ṣe é fún kú lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ó di 1967 kó tó rí aláìsàn tó lò ju ọdún kan lọ.

Mo ní kí wọ́n gé tèmi. A ti ń wá ẹni tó máa ra pulọ́ọ̀tì bàbá wa, torí Íńdíà la fẹ́ gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní òun á dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò: àrùn kan náà wà lára mi.

Ẹ̀gbọ́n mi kò lo oṣù mẹ́rin sí i. Èmi ń lo oògùn tenofovir, ẹyọ kan lójúmọ́. Ó ń tẹ kòkòrò náà mọ́lẹ̀, kò lé e lọ.

Yàtọ̀ sí gbígbin ẹ̀dọ̀, àwọn onímọ̀ tún ń wádìí bí wọ́n ṣe lè fa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ lásán sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. Lọ́dún 1998, wọ́n ròyìn ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tí wọ́n ṣe é fún l'Amẹ́ríkà: ó dín àìsàn rẹ̀ kù, kò wò ó tán. Kí wọ́n máa wádìí lọ. Àmọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B ló yẹ kí ìjọba wa kọ́kọ́ náwó lé. Ọdún 2004 ló wọ ètò abẹ́rẹ́ ọmọdé ní Nàìjíríà, lẹ́yìn tí wọ́n ti bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tipẹ́. Wákàtí 24 àkọ́kọ́ ló yẹ kí ìkókó gbà á, torí lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ gan-an ni àrùn náà sábà máa ń ti ara ìyá ran ọmọ. Ìyá ò jẹ̀bi. Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Ìwádìí ìjọba ní 2018 fi hàn pé nínú àgbà 100, bí mẹ́jọ ló ní in.

Bí wọ́n bá bá àrùn yìí lára ọmọ ìyá yín, ẹ má dúró dọjọ́ tẹ́ ẹ máa fi ẹ̀dọ̀ tọrẹ. Kí gbogbo ọmọ ìyá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí.