Nígbà Tí Gílóòbù Bá Jó, Ta Ni Ó Jẹ̀bi?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí n kò lè gbé mì. Nígbà tí mo lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, ọmọkùnrin kan so bátìrì alùpùpù méjì pọ̀, wọ́n di fóòltì 24, ó sì fi wọ́n tan gílóòbù LED pupa tí olùkọ́ ti fi bátìrì fóòltì 9 tàn níwájú kíláàsì. Gílóòbù náà mọ́lẹ̀ gidigidi, kò sì pẹ́ tí ó fi jó. Wọ́n pe ọmọ náà ní olóríkunkun, wọ́n sì ní kí ó san owó rẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọmọ. Ti àwa tí a ń kọ́ni ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Gílóòbù LED pupa ń gba nǹkan bí fóòltì 2. Fóòltì 7 tí ó kù bọ́ sórí rẹ̀sísítọ̀ óòmù 470. Òfin tí Georg Simon Ohm tẹ̀ jáde ní 1827 fi hàn pé ìṣàn iná yóò jẹ́ nǹkan bí mílíáḿpù 15. Ṣùgbọ́n lórí fóòltì 24, ìṣàn náà di 47, bẹ́ẹ̀ ni 20 ni púpọ̀ nínú irú gílóòbù yìí lè fara dà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Rẹ̀sísítọ̀ dàbí ògiri tí a mọ fún ìwọ̀n àgbàrá kan ṣoṣo. Dáyóòdù kan wà tí ó ń ṣe ju èyí lọ: dáyóòdù tí ń mú ìṣàn iná dọ́gba. Èyí tí a ń pè ní 1N5314 ń jẹ́ kí nǹkan bí mílíáḿpù 4.7 kọjá. Bí fóòltì tí ó wà lórí rẹ̀ bá ti tó 3, tí kò sì ju 100 lọ, ìṣàn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ní fóòltì 9 tàbí ní 24, gílóòbù yóò tàn bákan náà. Bí ẹ bá so méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìṣàn náà di 9.4.

Àwọn kan yóò wí pé èyí yóò sọ ọmọ di ọ̀lẹ, tí kò ní í mọ òfin Ohm mọ́. N kò gbà. Ẹ kọ́kọ́ fi rẹ̀sísítọ̀ kọ́ ọ, kí ó ṣírò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi dáyóòdù rọ́pò rẹ̀, kí ó fi mítà wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ó bá bèèrè ìdí tí ìṣàn kò fi yí padà, ẹ̀kọ́ ti wọlé. Ẹ tún fi èyí tí ó jẹ́ ti mílíáḿpù 1 rọ kàpásítọ̀ 1000 µF: fóòltì rẹ̀ yóò máa fi 1 lé sí i ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ọmọ yóò sì lè fi aago ọwọ́ kà á.

Àwọn mìíràn yóò ní ó wọ́n. Òótọ́ ni pé rẹ̀sísítọ̀ pọ́ọ́kú jù ú lọ. Ṣùgbọ́n tíránsísítọ̀ 2N5457 lè ṣe iṣẹ́ yìí, bí a bá so ẹsẹ̀ gate mọ́ ẹsẹ̀ source, níwọ̀n ìgbà tí fóòltì orí rẹ̀ kò bá ju 25 lọ. Kìkì pé ọ̀kan lè fúnni ní mílíáḿpù 1, kí òmíràn fúnni ní 5. Olùkọ́ ní láti wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

N kò sọ pé dáyóòdù yìí kò ní àbùkù. Bí a bá yí i sódì, kò dáàbò bo ohunkóhun mọ́. Ooru ni ó ń sọ fóòltì tí ó ṣẹ́kù dà, nítorí náà kò yẹ fún gílóòbù ńlá.

Láìpẹ́ a ó tú ká sí Nàìjíríà, Benin, Tógò àti Gánà. Bátìrì tí ọmọ bá rí nílé ni yóò gbé wá. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun tí yóò gbà á láyè láti dán nǹkan wò kọ́ ọ, kí a má sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ mọ̀.