Ọ̀wọ́n oúnjẹ: Kí oníṣòwò má fi owó òwò se ọbẹ̀

Ẹni tó bá dé Ọjà Ọ̀wọdé n'Ọ̀fà láàárọ̀ kò ní í ṣàì rí obìnrin tó pàtẹ mílíìkì, ṣúgà, mágì àti ọṣẹ sórí tábìlì. Kó tó tajà dé ibì kankan, ọmọ rẹ̀ á ti wá gba owó búrẹ́dì. Tó bá di ọ̀sán, á yọ owó nínú èyí tó ti pa láti fi ránṣẹ́ ra ata àti ẹja. Nígbà tó bá ń palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́, á mú ṣúgà díẹ̀, á mú mágì, á mú ọṣẹ kan, á kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó dilé nìyẹn. Bí wọ́n bá bi í pé èló ni ilé rẹ̀ jẹ nínú ọjà lọ́jọ́ náà, kò lè sọ. Ohun tó mọ̀ kò ju pé àwọn oníbàárà ń wá, síbẹ̀ ọjà orí tábìlì ń dín kù.

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ pọ̀ n'Ọ̀fà, ó pọ̀ ní Ìjàgbó àti Ẹ̀rìn-Ilé, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkùnrin tó ń ránṣọ, tó ń tún ọ̀kadà ṣe tàbí tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata. Tí wọ́n bá ti jókòó pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ, pé ọ̀wọ́n oúnjẹ ló ń pa òwò àwọn. Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ ọ̀hún kò tíì pé. Ọ̀pọ̀ òwò tó kú láàárín ọdún mélòó kan yìí, kì í ṣe ọ̀wọ́n oúnjẹ nìkan ló pa á. Ìkòkò ọbẹ̀ ló jẹ owó tí wọ́n fi ń ra ọjà, ẹni tó ni òwò kò sì tètè mọ̀.

Kò sẹ́ni tó máa sọ pé irọ́ ni ọ̀wọ́n náà. Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gorí àlééfà, ló kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà epo tí wọ́n ń tà ní nǹkan bíi N190 fò kọjá N500 lọ́pọ̀ ìlú láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì kọjá N600 kí oṣù Keje tó parí. Nínú oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà ni báńkì àpapọ̀, CBN, ní kí ọjà máa fúnra rẹ̀ sọ iye tí wọ́n á máa ṣẹ́ náírà. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi N470 lọ́dọ̀ ìjọba tẹ́lẹ̀ ti kọjá N1,400 ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2024.

Ìlú bíi Ọ̀fà kò lè bọ́ lọ́wọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ló ń gbé ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti tòmátò wá láti òkè Ọya. Ọkọ̀ náà ló ń gbé mílíìkì àti ìyẹ̀fun búrẹ́dì wá láti Èkó, dọ́là sì ni wọ́n fi ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe ìyẹ̀fun náà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹfà, ọdún 2024, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣirò ní Nàìjíríà, NBS, sọ pé owó oúnjẹ ti fi ìdá 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí iye tó wà lọ́dún tó ṣáájú. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ìjọba àpapọ̀ gbé owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ kúrò ní N30,000 bọ́ sí N70,000. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kò tó, wọn kò sì parọ́, àmọ́ wọ́n kúkú rí ẹni bá wọn fi kún un. Ta ló fi kún ti ẹni tó ń ta mágì? Òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá, òun ni òṣìṣẹ́, ibi kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ sì lè tètè dé ni àpótí owó ọjà.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Bí obìnrin kan bá ní ọjà N300,000, tó ń jèrè N45,000 lóṣù, ṣùgbọ́n tí ilé rẹ̀ ń jẹ N60,000 nínú ṣọ́ọ̀bù yálà lówó tàbí lọ́jà, N15,000 ló ń jẹ nínú owó òwò lóṣooṣù. Lóṣù àkọ́kọ́, ojú kò ní í rí i. Lóṣù kẹwàá, N150,000 ti lọ, ìyẹn ìdajì ọjà. Bó sì ṣe máa rí kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọjà tó dín kù kò lè mú èrè àtẹ̀yìnwá wá.

Ọ̀nà kejì tún wà tí owó òwò fi ń lọ, èyí sì ṣòroó rí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹnì kan bá ra páálí ọjà kan ní N10,000, tó rà á ní páálí 30, tó sì tà wọ́n ní N11,000 N11,000, owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ di N330,000. Lójú tirẹ̀, ó ti jèrè N30,000, ó sì lè kó o lọ sọ́jà oúnjẹ láìbẹ̀rù. Àmọ́ bó bá pa dà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ọjà fún un, tí wọ́n ní páálí kan ti di N14,000, N300,000 tó kù sílẹ̀ kò lè ra ju páálí 21 lọ. Páálí mẹ́sàn-án ti wọgbó. Owó tó pè ní èrè kì í ṣe èrè, ara owó òwò ni. Nígbà tí ọjà bá ń wọ́n lójoojúmọ́, iye tí wọ́n máa ra òmíràn ló yẹ kí oníṣòwò kọ́kọ́ yọ sẹ́yìn kó tó mọ èyí tí ẹnu lè jẹ.

Àwọn àgbẹ̀ ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Bó ti wù kí ìyàn mú tó, àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í jẹ èèbù iṣu rẹ̀ tán. Ó mọ̀ pé ọjọ́ tí òun bá jẹ èèbù, oúnjẹ ọdún tó ń bọ̀ lòun jẹ yẹn. Owó òwò ni èèbù oníṣòwò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2025 fi èyí hàn kedere. Lọ́dún náà, owó àwọn oúnjẹ kan bí ìrẹsì, àgbàdo àti ẹ̀wà wá sílẹ̀ sí bó ṣe wà lọ́dún 2024, débi tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pariwo pé àwọn ń pàdánù. Ẹni tí owó òwò rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rí ọjà rà, ó tà, ó sì rí oúnjẹ kó sílé. Ẹni tó ti jẹ tirẹ̀ tán kàn ń wo ọjà ni. Bí ọjà bá wọ́n, àǹfààní kò sí fún un, bó bá sì wálẹ̀, kò sí owó tó máa fi rà á.

Kí ló wá yẹ kí oníṣòwò ṣe? Àkọ́kọ́ ni kó dá owó lé ara rẹ̀ bí ẹni ń gbowó iṣẹ́. Kó ṣírò ohun tí òwò náà ń mú wá lẹ́yìn tó bá ti yọ owó ọjà mìíràn, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọkọ̀, kó sì mú iye kan tí òun á máa gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó ọbẹ̀ nìyẹn. Tó bá tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọbẹ̀ ni wọ́n máa tún ṣe, kì í ṣe àpótí ni wọ́n máa tún ṣí. Ọjà tí wọ́n bá mú lórí àtẹ lọ sílé, kí wọ́n san iye tí wọ́n rà á sínú àpótí, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé kékeré àti bírò kan ti tó.

N'Ọ̀fà, ẹni tó bá fẹ́ dá iye yìí gbọ́dọ̀ rántí pé ọjà kì í rí bákan náà látoṣù dóṣù. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé-ìwé gíga Pólì sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1992, ọ̀pọ̀ òwò ìlú náà ló ń wo ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá gba ìsinmi, ọjà á dín kù, ṣùgbọ́n ikùn àwọn tó wà nílé kò gba ìsinmi. Ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ nílùú ló yẹ kí wọ́n ti máa fi nǹkan pamọ́ de ìgbà tí wọn kò ní í sí.

Èkejì ni pé kí tọkọtaya sọ òkodoro ọ̀rọ̀. Nínú ilé tó pọ̀, ọkọ kò mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ìyàwó òun ni ìdílé ń jẹ. Ó fún un lówó oúnjẹ tó ń fún un lọ́dún 2022, ó rí oúnjẹ lórí tábìlì, ó rò pé owó òun tó. Ìyàwó náà kò fẹ́ wàhálà, ó ń fi owó ọjà dí i, títí ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù á fi ṣófo. Ṣọ́ọ̀bù ìyàwó kì í ṣe àká ìdílé. Kí àwọn méjèèjì jókòó ti ìwé náà, kí wọ́n jọ mọ iye tí ìkòkò ń jẹ.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ra oúnjẹ. Òróró inú ọ̀rá kékeré àti ìrẹsì agolo kan ni ẹni tí kò lówó ń rà, bẹ́ẹ̀ ohun tó wọ́n jù nìyẹn tí wọ́n bá ṣírò ẹ̀ dáadáa. Oníṣòwò ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí, torí òun náà ló ń ra páálí tó ń tú u tà léyọ, tó ń rí èrè níbẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ pé tó bá di ti ilé tirẹ̀, eyọ ló ń rà? Kó ra oúnjẹ lákòókò rẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá ni ẹ̀wà tuntun ń ti òkè Ọya wá. Epo pupa máa ń pọ̀ láàárín oṣù Kejì sí oṣù Karùn-ún. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń sá ẹ̀lùbọ́. Ọ̀dùnkún, tí ilẹ̀ Ọ̀fà fi lórúkọ, sì wà fún ọjọ́ tí iṣu bá kọjá agbára. Kò sí ìtìjú nínú jíjẹ ohun tí ilẹ̀ ẹni ń mú jáde.

Kòkòrò ló ń dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọn kò fi lè ra ẹ̀wà pamọ́. Àwọn mìíràn ń da oògùn Sniper sí i, májèlé sì ni. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ lórí rẹ̀ gan-an, lọ́dún 2019 ni wọ́n sì fòfin de títa ike rẹ̀ kéékèèké lójú ọjà. Ọ̀nà tí kò léwu ni àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS, èyí tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lé lórí ní Kamẹrúùnù ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ọ̀rá líle méjì ló wà nínú àpò náà. Bí wọ́n bá da ẹ̀wà gbígbẹ sínú rẹ̀, tí wọ́n so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan pinpin, kòkòrò kò ní í rí afẹ́fẹ́ mí, yóò kú.

Ẹnì kan lè bèèrè pé níbo ni oníṣòwò kékeré á ti rí owó ra odindi àpò ẹ̀wà. Ìbéèrè gidi ni, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú orúkọ kan tí Yorùbá ti ń lò tipẹ́: ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹni tó jẹ tó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù ni alájẹṣẹ́kù. Láti ọdún 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà ní Nàìjíríà, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kò kọjá kí wọ́n dá owó, kí wọ́n yá owó. Ó yẹ kí wọ́n máa fi ra oúnjẹ pẹ̀lú. Bí ìdílé márùn-ún bá dá owó àpò ìrẹsì oníkílò 50 jọ, kílò mẹ́wàá mẹ́wàá ló kàn wọ́n. Kéègì òróró onílítà 25 á pín sí lítà márùn-ún márùn-ún. Iye tí wọ́n ń ta odindi ni gbogbo wọn á san.

Irú ìyà yìí ló jẹ àwọn ahunṣọ àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn ní Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn 28 kan láàárín wọn dá pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn lọ́jọ́ kọkànlélógún, oṣù Kejìlá, ọdún 1844. Ọjà ọjọ́ náà kò ju bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun, ọkà àti àbẹ́là lọ. Wọn kì í tàwìn, wọn kì í sì yọ́ òṣùwọ̀n jẹ. Èrè tó bá wà, wọ́n ń pín in fún ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí oníkálukú ṣe rajà tó. Inú ṣọ́ọ̀bù kékeré yẹn ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù káàkiri àgbáyé ti kọ́ ìlànà wọn. Ohun tó sì ń tú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká náà kò ṣòroó mọ̀: ẹnì kan ṣoṣo tó ń di owó mú, àti àkọsílẹ̀ tí kò sí. Kí ẹni tó ń gbowó yàtọ̀ sí ẹni tó ń kọ ọ́, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sì máa rí ìwé.

Àwọn kan á ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, pé ọmọ tó ń sunkún oúnjẹ kò mọ ìwé ìṣirò. Òótọ́ ni. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn tàbí tí kò sí ohun jíjẹ rárá nílé, kò sí òbí tó máa jókòó ti àpótí owó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi gbèsè tí ilé jẹ òwò, kí wọ́n sì san án díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba náà kò kúrò lọ́rùn wọn: ọ̀nà tó dáa láti oko dé ọjà àti ààbò fún àgbẹ̀ ló lè mú oúnjẹ wálẹ̀ kó sì dúró síbẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ oníṣòwò kò tó ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ tó àpótí owó ara rẹ̀.

Ìjàkadì làwọn èèyàn mọ ọmọ Ọ̀fà mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jà kì í lo gbogbo agbára rẹ̀ tán nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìmú. Kí obìnrin Ọ̀wọdé ra ìwé kékeré kan láàárọ̀ ọ̀la, kó kọ owó búrẹ́dì ọmọ rẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́.