Ìmọ́lẹ̀ Tí Ń Kọ́, Tí Ó Sì Ń Wó

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì kan ní ìjọ wa ní Ìpọ̀nrí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè bóyá òótọ́ ni pé a rí àwọn èròjà tí ó ń di ara ẹ̀dá nínú òkúta ojú ọ̀run. Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, bàbá kan bá a wí pé ọ̀rọ̀ aláìgbàgbọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni a kò ti rí ọmọ náà mọ́.

Òótọ́ sì ni. Ní 2023, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, OSIRIS-REx, gbé erùpẹ̀ wá láti orí òkúta Bennu. Ní 2025, àwọn onímọ̀ kéde pé wọ́n rí amino acid 14 nínú 20 tí ara wa ń lò. Bíríkì ni wọ́n rí o, wọn kò rí ilé.

Láàárín àwọn ìràwọ̀, eruku wà tí yìnyín bò, ìtànṣán ultraviolet tí ojú kò lè rí sì ń lù ú. Ní 2002, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ṣe irú yìnyín bẹ́ẹ̀, wọ́n tan ìtànṣán náà sí i, wọ́n sì bá amino acid nínú ohun tí ó ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ní 2001, díẹ̀ nínú àwọn ènìyàn kan náà ti tan ìtànṣán yìí sí amino acid tí ó wà nínú yìnyín, ó sì fọ́ ọ. Ìmọ́lẹ̀ tí ó mọ ọ́n náà ni ó wó o.

Ìyá tí ń sá aṣọ ní Ìpọ̀nrí kò ní yà lẹ́nu. Oòrùn tí ń gbẹ àǹkárá ni ó ń mú kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń yí inú rẹ̀ síta. Ohun tí òkúta tàbí yìnyín nínípọn bò ni ó ń pẹ́. Àwa náà ní ìbòrí: ozone lókè orí wa ń dí púpọ̀ nínú ìtànṣán yìí lọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni a kì í rántí dúpẹ́ rẹ̀, àwa tí a ń ka Sáàmù kọkànlélàádọ́rùn-ún láràárọ̀!

Èmi kò rí ibi tí ìmọ̀ yìí ti lé Ọlọ́run kúrò. Ohun tí mo rí ni pé ìtara bàbá wa, tí ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ wa ní ìgbàgbọ́, ni ó lé ọmọ náà lọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kí a jọ lọ sílé ọmọ náà lọ́jọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀. Ó ní òun yóò rò ó. Ẹ bá wa gbàdúrà sí i.