Ìwé àti Orin fún Àwọn Ọmọ Wa Nígbà Ìsinmi Gbọọrọ

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n fi bá àwọn òbí ẹlẹgbẹ́ mi sọ̀rọ̀, pàápàá àwa tí a ń gbé Òjó, Ìbà àti Okokomáíkò níhìn-ín. Àwọn ọmọ ti fẹ́ gba ìsinmi gbọọrọ. Láti ìparí oṣù keje títí wọ oṣù kẹsàn-án, wọn kò ní lọ sí ilé ìwé. Òjò á máa rọ̀, ẹrẹ̀ á gba ojú ọ̀nà, ọmọ ò ní ríbi lọ. Ọ̀pọ̀ òbí yóò sanwó lẹ́sìnnì. Èmi ò bá lẹ́sìnnì jà o, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò ni wọ́n sábà máa ń kọ́ níbẹ̀. Ta ni yóò wá kọ́ wọn ní Yorùbá?

Káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọmọ ọdún 11 kan wà nínú ọgbà wa tó máa ń ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni mumi. Mo gbé ti Yorùbá fún un lọ́jọ́ kan. Ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé obìnrin kan wọ ọkọ̀ lọ sí Badagry, "ọkọ" ló pè é, bí ẹni pé ọkọ rẹ̀ ló gùn lọ. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, nítorí ìyá àgbà ọmọ náà wà níbẹ̀, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn ìdílé wọn wà nínú ìyá náà pátápátá. Bó bá sọ ọ́, ta ni yóò gbọ́ ọ?

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ dárúkọ àwọn ìwé àti orin tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Èkíní ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938. Ọmọ tó fẹ́ràn fíìmù iwin àti òmìrán, ẹ jẹ́ kó pàdé Kàkò oníkùmọ̀ ẹkùn, kó mọ̀ pé tiwa ti wà tipẹ́. Wọlé Ṣóyínká yí ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Kí ló dé tí ọmọ wa yóò fi dúró de ti Gẹ̀ẹ́sì kó tó mọ̀ ọ́n?

Èkejì ni Kúyẹ̀, tí J. F. Ọdúnjọ kọ ní 1964, ọkùnrin kan náà tó kọ Aláwìíyé tí a fi kọ́wèé. Ìtàn ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ni, pẹ̀lú ìyà tó jẹ lọ́wọ́ ọmọ aráyé. Ẹ̀yin tí ẹ gba ọmọ ọlọ́mọ sílé, ẹ̀yin náà ẹ bá wọn kà á.

Àwọn ọmọkùnrin tó ti ń dàgbà, ẹ fún wọn ní Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tó jáde ní 1969. Lápàdé ń dọdẹ àwọn ọ̀daràn níbẹ̀, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní fẹ́ sùn. Ẹ̀yin ọmọ Yunifásítì LASU tí ẹ wà nítòsí wa, tiyín ni Ó Le Kú, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ní 1974, tí Túndé Kèlání sì fi ṣe fíìmù ní 1997. Ọ̀rọ̀ Àjàní àti àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya, ẹ ó rí ara yín níbẹ̀.

Ó ku orin. Mi ò ní kí ọmọ má gbọ́ ti òde òní. Ṣùgbọ́n ẹ fi àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá kún un. Olóògbé náà kú ní 1983, síbẹ̀ òwe inú orin rẹ̀ kò tíì gbó. Ẹ fi wákà Bàtílì Alákẹ́ kún un. Ẹ tún wá èyí tí Ebenezer Obey kọ ní àwọn ọdún 1970 nípa bàbá, ọmọ àti ẹṣin wọn, pé kò sí bí èèyàn ṣe lè ṣe é tí ayé ò ní sọ̀rọ̀. Bí orin bá parí, ẹ bi ọmọ léèrè ohun tó gbọ́.

Àwọn kan yóò ní Yorùbá máa ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Irọ́ ni. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Àwọn mìíràn yóò ní kò sówó. Ìdílé mẹ́ta lè dáwó ra ìwé kan, kí wọ́n máa gbé e kiri. Ti orin kò le, ta ni kò ní fóònù nínú wa? Ojú ewé márùn-ún lálẹ́ ti tó: kí ọmọ kà, kí àgbàlagbà ilé máa tún ohùn rẹ̀ ṣe. Bí ọmọ Ìgbò tàbí ọmọ Ègùn bá wà nínú ọgbà, ẹ pè é, kó wá gbọ́.

Ìjọba Èkó ṣòfin ní 2018 pé kí gbogbo ilé ìwé máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ yàrá wa wá kàwé fún ọmọ wa lálẹ́. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn, ilé la sì ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé, ẹ̀yin àlùfáà àti pásítọ̀, ẹ bá wa dá sí i o.

 

Bàbá Káfíńtà,
Okokomáíkò, Èkó.