Ẹni Tó Fẹ́ Fi Hickory Tẹ́ Ilẹ̀, Kó Kọ́kọ́ Wo Ilé Rẹ̀

Nọ́ńbà kan ni àwọn oníṣòwò pákó ní Amẹ́ríkà fi ń polówó igi hickory: 1,820. Ìdánwò tí Gabriel Janka, ọmọ ilẹ̀ Austria, gbé kalẹ̀ ní 1906 ló bí i. Wọ́n á ti bọ́ọ̀lù irin kékeré kan wọ inú pákó títí ìdajì rẹ̀ yóò fi wọlé, wọ́n á sì ka agbára tó gbà. Oak pupa, tó wà nílẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, gba 1,290. Ìrókò tí Yorùbá mọ̀ dáadáa gba nǹkan bí 1,260.

Iyì hickory kì í ṣe irọ́. Òun ni wọ́n fi ń ṣe èèkù àáké àti ti òòlù, nítorí pé ó ń gba ìlù mọ́ra láì ṣẹ́. Ilé tí ọmọdé ti ń ju nǹkan mọ́lẹ̀, tí àlejò kì í wọ́n níbẹ̀, hickory yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí pákó ṣe ń kọ̀ láti tẹ̀ wọnú ni nọ́ńbà náà ń wọ̀n. Èékánná ajá àti iyanrìn abẹ́ bàtà, fáníìṣì ni wọ́n ń ha, fáníìṣì orí hickory kò sì le ju ti orí oak lọ.

Ohun tó yẹ kí olùrà bi ara rẹ̀ ni bí afẹ́fẹ́ inú ilé rẹ̀ ṣe rí. Gbogbo pákó ló ń wú nínú ọ̀rinrin, tó sì ń súnkì nígbà gbígbẹ, ṣùgbọ́n ti hickory pọ̀. Bí wọ́n bá gbé pákó tútù hickory shagbark sínú ààrò títí omi rẹ̀ fi tán, ìbú rẹ̀ lè dín ní ìdá 10.5 nínú 100. Ti oak pupa jẹ́ 8.6. Nílé kan ní Chicago, ẹ̀rọ amúlémóoru á mú afẹ́fẹ́ gbẹ nígbà òtútù, àlàfo á yọ láàárín pákó. Ooru á dé, pákó á wú, etí rẹ̀ á gbé sókè. Bí pákó bá ṣe fẹ̀ tó ni àlàfo rẹ̀ ṣe ń hàn tó, bẹ́ẹ̀ pákó tó fẹ̀ gan-an ló gbòde báyìí.

Ní Houston, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ń ra ilé, orí kọnkéré ni ọ̀pọ̀ ilé jókòó lé, ọ̀rinrin sì ń gba inú kọnkéré gòkè. Fún irú ilé bẹ́ẹ̀, pákó alápapọ̀ ló dára jù: hickory lójú, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tò dábùú ara wọn lábẹ́, kí ọ̀kan má jẹ́ kí èkejì yẹ̀. Síbẹ̀, kí wọ́n wọn ọ̀rinrin kọnkéré kí wọ́n tó ta gọ́ọ̀mù sí i. Kí onílé sì rí i pé ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wà láàárín ìdá 30 sí 50 nínú 100 yípo ọdún. Ẹni tí kò lè ṣe ìyẹn, kó má ra odindi pákó hickory tó fẹ̀. Kó lọ ra oak.

Àwọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Funfun àti pupa rẹ́súrẹ́sú ló ń wà pọ̀ nínú iyàrá kan ṣoṣo. Àwọn kan ní ó rí wúruwùru, ṣùgbọ́n ẹwà rẹ̀ gan-an nìyẹn, ó sì ń bo ìdọ̀tí àti ojú ìtẹ̀ mọ́lẹ̀. Àṣìṣe ni kí wọ́n rì í sábẹ́ ọ̀dà dúdú, tí kì í sábà mú un dọ́gba. Fáníìṣì tí kò dán ni kí wọ́n fi sí i. Kí olùrà má sì gbà kí wọ́n fi ègé kékeré kan hàn án: kó ní kí wọ́n tú odindi páálí kan, kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ lójú rẹ̀, kó tó sanwó.