Eré Alẹ́ Ọdún: Ọ̀rọ̀ Wa Pẹ̀lú Àwọn Ará Ilé

 Bí oṣù Disẹ́ńbà ṣe ń sún mọ́lé yìí, àwọn onílé ìgbafẹ́ ti ń lẹ pósítà kiri. Jùjú lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, fújì lálẹ́ Àbámẹ́ta, dijéè títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àwọn kan ti wá bá àwa àgbà pé kí á kéde pé ọmọ Yorùbá kankan kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. A ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Òru kì í ṣe àjèjì sí orin wa. Inú wéré tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ń lù lóru Ramadan láti jí èèyàn fún sààrì ni Sikiru Ayinde Barrister ti yọ fújì jáde. Ebenezer Obey ní ilé ìgbafẹ́ tirẹ̀, Miliki Spot, l'Ékòó. Kó tó di ìgbà yẹn, háíláìfù ló gba ìgboro Èkó, ọmọ ìlà-oòrùn sì pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ọ́. Nígbà tí wàhálà 1966 àti ogun 1967 dé, púpọ̀ nínú wọn kó ẹrù wọn, wọ́n gba ilé lọ, jùjú sì bọ́ sí ipò náà. Kì í ṣe orin ló lé wọn, àárín àlejò àti onílé ló dàrú. Àwa tí à ń gbé nílùú onílùú, ó yẹ kí èyí yé wa ju ẹlòmíràn lọ.

Kí Lugard tó fi Lokoja ṣe ibùjókòó ìjọba Àríwá ní 1900 ni Oworo, Nupe, Hausa, Igala, Ebira àti àwa ti jọ ń gbé níhìn-ín. Ní Karaworo, ilé fara kan ilé. Lọ́dún tó kọjá, sípíkà kan kọjú sí fèrèsé ìyá àgbà kan tí ara rẹ̀ kò yá. Àwọn ọmọ ìyá náà wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín ariwo kù, èébú ni àwọn ọmọ wa fi dá wọn lóhùn. Alẹ́ mẹ́ta ni a fi lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn kó tó tán nínú wọn. Ojú tì wá.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, báǹdì kan wá láti Ìbàdàn, wọ́n lù títí àkùkọ fi kọ, ẹni tó pè wọ́n sì ti pòórá. Àwa la dá owó mọ́tò fún wọn. Ẹni tó bá ní owó tí àwọn èèyàn ń ná fún olórin ti tó, kó rántí pé òfin 2007 tó dá báǹkì àgbà sílẹ̀ ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí ìtanràn N50,000, ó kéré tán. Ní 2024, Bobrisky lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6 nítorí rẹ̀. Ẹ fi owó sínú àpò-ìwé, kí ẹ fà á lé olórin lọ́wọ́. Kò ní dùn tó ti tẹ́lẹ̀ lójú agbo, àwa náà mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọtí díẹ̀díẹ̀. Ayinla Omowura, ìlúmọ̀ọ́ká olórin àpàlà nígbà tirẹ̀, ilé ọtí ni wọ́n ti pa á l'Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 1980, lórí ọ̀rọ̀ ọ̀kadà lásán.

A ti bá àwọn onílé ìgbafẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n gbà láti máa san ìlàjì owó báǹdì kí ìlù tó dún, wọ́n sì gbà láti máa lọ sọ fún àwọn ará àdúgbò àti mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Èyí tí wọn kò tíì gbà ni pé kí wọ́n rẹ sípíkà sílẹ̀ tí aago méjìlá òru bá lù. Wọ́n ní ìgbà yẹn gan-an ni oníbàárà wọn ń dé. A ó tún padà lọ bá wọn lọ́jọ́ Àìkú, a ó sì mú àwọn ọmọ ìyá àgbà yẹn dání.