Owó Ẹ̀kọ́ Ẹgbẹ́ àti Ẹjọ́ Òkè-Òkun

Ẹ̀yin ará wa ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní Òkè Ọya,

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ẹ̀ka gbé yẹ̀ wò. Bí ọmọ wa kan bá ti di lọ́yà tán, tí ó sì fẹ́ tún lọ gba oyè Master nínú òfin tí a fi ń parí aáwọ̀ láàrin orílẹ̀-èdè àti láàrin àwọn oníṣòwò wọn, ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹgbẹ́ fi owó ẹ̀kọ́ ràn án lọ́wọ́? Àwọn kan ní: ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tíì rí ìwé rà, ẹni tí ó ti yó ni a ó tún bu oúnjẹ fún? Ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ní tèmi, ó yẹ, bí a bá fi àdéhùn sí i.

Ẹ wo ọjà wa. Kọ̀ntínà tí ó ń já ní Fegge àti Bridge Head, láti China àti ibòmíràn ni ó ti ń wá, ẹrù inú rẹ̀ sì ń bá ọkọ̀ gòkè dé ọ̀dọ̀ yín. Ìwé àdéhùn a máa bá irú ọjà bẹ́ẹ̀ rìn. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, wọ́n lè kọ ọ́ sí i pé bí ìjà bá dé, London tàbí Singapore ni a ó ti parí rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tí ẹni méjèèjì yàn láti dá ẹjọ́. Oníṣòwò wa a fọwọ́ sí i, nítorí iye owó nìkan ni ó wò. Bí ọjà bá bàjẹ́ tí ó sáré lọ sí kóòtù ní Kano tàbí Onitsha, ẹnì kejì yóò fi ìwé hàn, kóòtù a sì dá ẹjọ́ náà dúró kí wọ́n lè lọ síbi tí wọ́n fẹnu kò sí. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ọdún 2023 lórí ọ̀ràn yìí wí.

Ìdájọ́ irú èyí ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn. Nítorí àdéhùn tí a ṣe ní New York ní 1958, tí Nàìjíríà wọ̀ ní 1970, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 170 ni ó gbà láti mú un ṣẹ.

Kì í ṣe oníṣòwò kékeré nìkan ni ó ń kó sí i. Ìjọba wa bá ilé-iṣẹ́ P&ID ṣe àdéhùn lórí gáàsì ní 2010. Ilé-iṣẹ́ náà kò kọ́ nǹkan kan. Síbẹ̀ ní 2017, àwọn tí a yàn ní London ní kí Nàìjíríà san dọ́là bílíọ̀nù 6.6, èlé sì gùn ún títí ó fi kọjá bílíọ̀nù 11. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni adájọ́ Robin Knowles ní London tó fagi lé e, nítorí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti ẹ̀rí èké tí ó wà nínú ọ̀ràn náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi sá kiri nítorí ìwé tí a kò kọ dáadáa.

Kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí ọmọ wa kò lè ṣe. Taslim Olawale Elias, ọmọ Èkó, gba oyè Master nínú òfin ní London ní 1947, ó gba ti Dókítà ní 1949. Nígbà tí ó ṣe, ó di ààrẹ Kóòtù Àgbáyé ní Hague, láti 1982 sí 1985. Bọla Ajibọla, ọmọ Ẹ̀gbá, jókòó ní kóòtù kan náà láti 1991 sí 1994.

Àwọn baba wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ohun tí baálé ń ṣe lábẹ́ igi ni àwọn ará òkè-òkun fi ìwé àti òfin dì, tí wọ́n sì ń fi jẹun. Kí ni ó dé tí àwa yóò fi máa wò wọ́n?

Àdéhùn tí mo fẹ́ nìyí. Kí a má fi ọwọ́ kan owó àwọn ọmọ kékeré. Ìdá kan nínú mẹ́rin owó ẹ̀kọ́ ni kí ó jẹ́ ti ẹni yìí. Kí ó kàwé nílé, ní Lagos, Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, nítorí Lagos ní ibùdó tirẹ̀ fún irú ìdájọ́ yìí láti 1989. Nígbà tí ó bá gboyè, kí ó fi ọdún méjì bá ọmọ ẹgbẹ́ ka ìwé àdéhùn lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kí ó sì kọ́ àwa akọ̀wé ẹ̀ka ní ohun tí a ó máa ṣọ́. Ìwé mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ nínú wa kà. A mọ owó kà, a kò mọ ohun tí ó wà lábẹ́ ìwé.

Ẹni tí kò bá gba àdéhùn yìí, kí ó lọ fi owó ara rẹ̀ kàwé. Ẹni tí ó bá gbà á, ẹ jẹ́ kí a rán an níṣẹ́. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jíròrò, kí ó sì kọ èsì ránṣẹ́. Ajé á wọgbá o.

Akọ̀wé Ẹ̀ka, Fegge.